Kíkó Láti Èkó Lọ sí Ìbàdàn: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Mí Jù

Ọdún karùn-ún rèé tí èmi àti ìyàwó mi kó ọmọ àti ẹrù kúrò ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Èkó, tí a wá ń gbé ní Ìbàdàn. Láti ìgbà náà, oṣù kan kì í kọjá kí ẹnì kan má pè mí: ará ìjọ wa àtijọ́, ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àbúrò ọ̀rẹ́ mi. Ìbéèrè kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn: ṣé kí àwọn náà máa bọ̀? Mi ò lè bá ẹnikẹ́ni sọ pé kó máa bọ̀ tàbí kó dúró. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo máa ń bi wọ́n kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà: ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ ni oúnjẹ òòjọ́ yín máa fà yín padà sí Èkó? Ẹni tí kò bá tíì rí ìdáhùn sí ìyẹn, kó má tíì wá ilé.

Ṣé lóòótọ́ ni owó ilé Ìbàdàn kéré sí ti Èkó?

Lóòótọ́ ni, kódà ó kéré gan-an ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Owó tí a fi ń gba yàrá kan àti pálọ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, òun la fi gba yàrá mẹ́ta nígbà tí a kọ́kọ́ dé, pẹ̀lú ọgbà tí ọmọ lè sáré nínú rẹ̀. Ohun tó ń fa ojú ènìyàn mọ́ra nìyẹn. Òun náà ló sì ń ṣi ènìyàn lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ìyàtọ̀ owó ilé yín jẹ́ 700,000 náírà lọ́dún. Ká ní lílọ àti bíbọ̀ ẹ̀ẹ̀kan sí Èkó, láti ẹnu ọ̀nà yín dé ibi iṣẹ́ títí ẹ ó fi padà délé, jẹ́ 12,000 náírà lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ohun tí ẹ ń fi wọ ọkọ̀ ní Èkó tẹ́lẹ̀ kúrò. Bí ẹ bá ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 48, ó di 576,000. Ẹ ṣì jèrè 124,000. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, 1,152,000 ni. Èrè ti wọgbó. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó di 1,728,000, ìyẹn ju ìlọ́po méjì owó ilé tí ẹ rò pé ẹ ń tọ́jú. Àpẹẹrẹ ni gbogbo iye yìí. Ẹ fi iye tiyín rọ́pò wọn, kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí tọkọtaya jọ wò ó.

Mo mọ àwọn tó kó wá tí wọn ò ṣe ìṣirò yìí. Ilé wọn wà ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà gan-an ni wọ́n ń gbé.

Báwo ni ọ̀nà ṣe rí gan-an?

Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1978, gùn tó kìlómítà 127. Bí ọ̀nà bá dá, ẹ ò ní pẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n bí táńkà bá dojú dé ní tòsí Ògèrè, bí àwọn tó ń ta màlúù bá kún etí afárá Kára, tàbí bí ó bá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí ìpàgọ́ ńlá wà ní àwọn àgọ́ ìsìn tó wà lójú ọ̀nà, àfi kí ènìyàn gba kádàrá. Mo ti kúrò ní Bẹ́gà ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ rí, tí mo dé ilé ní aago kan òru. Ìyàwó mi jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, kò lè sùn. Owó ọkọ̀ ọjọ́ yẹn kò ju ti ọjọ́ mìíràn lọ, ṣùgbọ́n ẹ fi àìsùn obìnrin náà kún ìṣirò yín.

Mo tún ń bẹ̀ yín: bí ó bá ti di òru, tí ẹ sì ní ibi tí ẹ lè sùn sí ní Èkó, ẹ sùn síbẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ńkọ́?

Ó dára, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i. Kìlómítà 157 ni ojú irin náà, láti Alágọmejì ní Ẹ̀búté Mẹ́tà títí dé Mọníyà. Ó ń gba Agége, Agbádó, Pápáláńtò, Abẹ́òkúta àti Omi-Àdíò kọjá. Kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ lè kàwé, ẹ sì lè sùn. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ìrìn rẹ̀ lójúmọ́ kò pọ̀. Bí ti ìrọ̀lẹ́ bá ti lọ, gàréèjì ló kù. Ẹ wo àkókò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ rìn, kí ẹ má fi ti oṣù tó kọjá ṣe ẹ̀rí.

Apá ibo ní Ìbàdàn ló dáa kí n gbé?

Ìbàdàn fẹ̀ ju bí ará Èkó ṣe rò lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà nínú rẹ̀, márùn-ún ní ààrin ìlú, mẹ́fà yòókù ní ìgbèríko tó yí i ká. Nítorí náà, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo bí ilé ṣe rẹwà, ẹ kọ́kọ́ mọ bí ẹ ó ṣe máa jáde kúrò nínú ìlú.

Bí ó bá jẹ́ mọ́tò ni ẹ ó máa wọ̀ lọ sí Èkó, Challenge, Sókà, Olúyọ̀lé àti agbègbè Níù Gàréèjì ló sún mọ́ ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ máa wọ ọkọ̀ ojú irin, Mọníyà, Òjòó àti àyíká wọn ló bá a mu. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré: láti Challenge dé Mọníyà, ìlú lẹ ń là kọjá láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. Mo mọ arákùnrin kan tó gba ilé sí Sókà nítorí pé ilé náà rẹwà, tó wá pinnu pé ojú irin lòun ó máa bá lọ síbi iṣẹ́. Aago mẹ́rin òru ló ń jí kó tó lè bá ti àárọ̀.

Àwọn tí iṣẹ́ wọn ti wà ní Ìbàdàn pátápátá lómìnira jù. Wọ́n lè gbé Akóbọ̀, Ológunẹ̀rú, Àpáta tàbí Alákìá, kí wọ́n sì máa wọ máíkírà, takisí kékeré tí wọ́n ń wọ̀ nínú ìlú, lọ síbi tí wọ́n ń lọ.

Òwò ni mo ń ṣe. Ṣé máa rí oníbàárà?

Ẹ máa rí, ṣùgbọ́n wọn ò ní dà bí ti Èkó. Ìyàwó mi ń ránṣọ. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ le fún un. Oníbàárà Ìbàdàn máa ń ná ọjà dáadáa, kì í sì í fi ìkánjú ra nǹkan. Iye tí wọ́n ń san fún ìró àti bùbá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, níbí wọ́n ń sọ pé ṣé wúrà ló fi ń rán an ni. Ó fẹ́ sunkún nígbà kan.

Ohun méjì ló gbà á. Àkọ́kọ́, kò já àwọn oníbàárà Èkó rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ń fi aṣọ ránṣẹ́ ní gàréèjì, ó ń rán an, ó sì ń fi ránṣẹ́ padà. Ìkejì, ohun tó fi ń ṣiṣẹ́ kò wọ́n níbí, nítorí ọjà Gbági tuntun kò jìnnà, òwú àti aṣọ inú sì wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Owó ṣọ́ọ̀bù náà kéré. Lẹ́yìn ọdún kan, èrè rẹ̀ lórí aṣọ kan ò tó ti Èkó, ṣùgbọ́n ohun tó ń kù sí i lọ́wọ́ lópin oṣù jù ú lọ.

Ẹni tó bá ń ta oúnjẹ, ẹ lọ wo ọjà Bódìjà láàárọ̀ kùtù kí ẹ tó pinnu ohunkóhun. Àwọn tó ń kó èlùbọ́, ẹ̀wà àti ata wọ̀lú ń já ẹrù síbẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń ra irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní Mile 12, ẹ máa rí ìyàtọ̀.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ńkọ́?

Bí ó bá jẹ́ ìjọba àpapọ̀, ẹ lè béèrè fún ìṣípòpadà. Ó máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ wà. Bí ó bá jẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gbọ́dọ̀ gbà yín, Èkó náà sì gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda yín. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ ti ń lọ kí lẹ́tà méjèèjì tó wà lọ́wọ́ yín.

Àwọn ọmọ mi wà nílé ẹ̀kọ́. Ìgbà wo ló yẹ kí a kó?

Ìparí ọdún ẹ̀kọ́, nínú oṣù keje tàbí oṣù kẹjọ. Àárín táàmù kò dára. Bí ọmọ bá wà ní SS2 tó ń wọ SS3, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí nípasẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ fún WAEC, wọ́n sì ń fi máàkì iṣẹ́ inú kíláàsì ṣe ara èsì rẹ̀. Ẹ gba ìwé ìṣípòpadà àti èsì gbogbo táàmù kí ẹ tó san owó síbòmíràn. A gbàgbé ti àbígbẹ̀yìn wa, mo ní láti padà sí Ẹ̀gbẹ́dá nítorí ìwé kan ṣoṣo.

Ní ti èdè, ẹ má fòyà. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, ọmọ mi obìnrin ti ilé ẹ̀kọ́ dé, ó ní, “Dádì, isu ni wọ́n ń pe iṣu.” Ọdún kan kò pé tí òun náà fi ń sọ “isu”, inú mi sì dùn, nítorí mo mọ̀ pé ó ti ní ọ̀rẹ́.

Iná àti omi ńkọ́?

Ibí yìí ni kí ẹ ti la ojú yín sílẹ̀.

Iná Ìbàdàn wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ tí à ń pè ní IBEDC, kì í ṣe àwọn tó ń fún yín ní iná ní Èkó. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni owó iná àwọn tó wà ní Band A ti fò sókè, àwọn tó yẹ kí wọ́n ní iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́. Ẹ bi àwọn aládùúgbò pé Band wo ni wọ́n wà. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni kí ẹ bi, kì í ṣe ajẹ́ntì. Ẹ tún béèrè bóyá gbèsè wà lórí mítà, nítorí ẹni tó bá wọlé ni gbèsè ń dúró dè.

Omi ni ó pa wá lára. Odò Eléyelé tí wọ́n sé ní 1942 àti ti Àṣẹ́jìrè ni omi ẹ̀rọ ìjọba ti ń wá, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ ò dé ọ̀pọ̀ àdúgbò tuntun. Kànga tàbí ẹ̀rọ omi inú ilẹ̀ ni oníkálukú ń lò. Oṣù kọkànlá la lọ wo ilé wa àkọ́kọ́. Kànga kún, omi mọ́ gaara, ajẹ́ntì fi korobá fà á sókè fún wa rí. Nígbà tó di oṣù kẹta, kànga gbẹ. A ń ra omi kẹ́ẹ̀gì lójoojúmọ́ títí òjò fi dé. Mo bínú sí ajẹ́ntì náà pẹ́, nítorí àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ pé ọdọọdún ni ó ń rí bẹ́ẹ̀, òun náà sì mọ̀.

Bí ẹ bá lè ṣe é, inú oṣù kejì tàbí ìkẹta ni kí ẹ wo kànga. Inú oṣù kẹjọ ni kí ẹ wo ọ̀nà tó wọ àdúgbò.

Ṣé omíyalé ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?

Ó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà Ìbàdàn kò gbàgbé odò Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, tí afárá já, tí ilé àti ẹ̀mí sì bá a lọ. Ẹ wo ara ògiri ilé àti ọgbà: bí àmì omi bá wà níbi tó ga tó orúnkún, tàbí tí ẹ bá rí i pé ọ̀dà tuntun wà nísàlẹ̀ nìkan, ẹ béèrè ìdí. Ẹ rìn lọ sẹ́yìn ilé. Bí odò tàbí ojú àgbàrá bá wà níbẹ̀, ẹ máa lọ síbòmíràn, bó ti wù kí owó rẹ̀ rọ̀ tó.

Ìtọ́jú ara ńkọ́?

UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì, tó ti wà láti 1957, wà ní Ìbàdàn, àwọn ilé ìwòsàn aládàáni sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ètò ìlera tí ẹ ń san ní Èkó, bí ó bá jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀, Èkó ló ń parí sí. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ yín, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n yí ilé ìwòsàn yín padà kí ẹ tó kó, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ara ọmọ bá gbóná.

Ìwé wo ni mo ní láti tún ṣe?

Káàdì ìdìbò: àjọ INEC máa ń gbé orúkọ lọ sí ibùdó mìíràn ní àkókò tí wọ́n bá ń forúkọ sílẹ̀, ẹ ò ní láti gba tuntun bí ẹni tí kò ní rí. Àdírẹ́sì lórí NIN: ẹ lè yí i. Ìwé ọkọ̀ àti ìwé ìwakọ̀ ṣì wúlò níbikíbi ní Nàìjíríà. Owó ìfẹ̀yìntì yín kò yípadà. Owó orí ni kí ẹ kíyè sí: ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ló ni owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀, nítorí náà ẹ fi àdírẹ́sì tuntun tó ilé iṣẹ́ yín létí.

Tí mo bá ti ń gbé Ọ̀yọ́, ṣé mo ti di ọmọ Ọ̀yọ́?

Rárá. Ìjọba ìbílẹ̀ bàbá yín ló ṣì ń fún yín ní ìwé ọmọ ìlú. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, mi ò ní purọ́. Ẹni tó bí ọmọ sí ìlú kan, tó ń san owó orí níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ ṣì lè san owó ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nítorí ibi tí bàbá bàbá rẹ̀ ti wá. Ẹ mọ̀ ọ́n kí ọjọ́ náà má bàa bá yín lójijì. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ènìyàn, wọ́n kúkú ń kì í pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì, mo sì ti rí i pé òótọ́ ni.

Onílé mi ní Èkó ńkọ́? Ṣé mo kàn lè kó lọ?

Ẹ wo àgíríméǹtì yín. Bí kò bá sí ohun tí ẹ jọ kọ síbẹ̀, òfin ìyálégbé Èkó ti 2011 ní oṣù mẹ́fà ni ìfilọ̀ fún ẹni tó ń san owó ọdọọdún. Ẹ kọ lẹ́tà, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì béèrè owó ìdúró tí ẹ san sílẹ̀ nígbà tí ẹ wọlé. Ẹ ya fọ́tò gbogbo yàrá lọ́jọ́ tí ẹ bá jáde.

Ṣé kí n kúkú ra ilẹ̀ kí n kọ́lé?

Ẹ gbé ilé rẹ́ǹtì fún ọdún kan ná. Ọdún kan ló máa jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí omi ń gbà, ibi tí ọ̀nà ti ń bàjẹ́, àti ìdílé wo ló ń ta ilẹ̀ kan náà fún ẹni mẹ́ta. Láti ìgbà òfin ilẹ̀ ti 1978, ọwọ́ gómìnà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ilẹ̀ wà, nítorí náà Sẹkitéríàtì ní Àgódì ni ẹ ó ti yẹ ìwé ilẹ̀ Ìbàdàn wò, pẹ̀lú lọ́yà àti sọfíọ̀ tiyín, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà.

Èmi fẹ́, ìyàwó mi (tàbí ọkọ mi) kò fẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè yìí ló wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ń fi í sí ìkẹyìn. Nígbà tí mo ń ka èrè kíkó wá, èrè tèmi ni mo ń kà. Mi ò rí i pé ìyá ìyàwó mi wà ní Ìdímù, pé òun ló ń bá wa wo ọmọ nígbà tí ìyàwó mi bá lọ sọ́jà, pé àwọn obìnrin mẹ́jọ tó jọ ń dá àjọ pẹ̀lú rẹ̀ ni wọ́n dúró tì í nígbà tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀. Kò sí ilé ńlá kankan tó lè san ìyẹn padà. Odindi ọdún kan ló fi ń lọ sí ìjọ wa àtijọ́ lọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, owó ọkọ̀ náà kò sì sí nínú ìwé tí mo kọ.

Bí mo bá láǹfààní láti tún un ṣe, ǹ bá mú ìyàwó mi wá sùn ní Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ méjì ní àsìkò òjò kí a tó san kọ́bọ̀. Kó wọ máíkírà lọ sọ́jà fúnra rẹ̀. Kó lọ sí ìjọ kan tàbí méjì. Kó sọ ohun tó máa ṣe é ní àárò, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí a jọ wá ohun tí a máa ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a kò bá rí nǹkan ṣe sí, kí a mọ̀ pé owó la fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ sì sọ bóyá òun gbà.

Arẹ́pò tàbí Mówé ńkọ́? Ṣé kò sún mọ́ ju Ìbàdàn lọ?

Ó sún mọ́. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni méjèèjì wà. Ẹni tó bá kó láti Òjódù Bẹ́gà lọ sí Arẹ́pò ti kúrò ní ìpínlẹ̀ Èkó láìrin ìrìn jìnnà. Bí ó bá di ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ wà ní Èkó, ibẹ̀ ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ wò, kí wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀ ná.

Bí mo bá kó wá tí kò rọgbọ ńkọ́?

Ẹ jọ dá ọjọ́ kan, ká ní oṣù 12, tí ẹ ó tún jókòó wo ìwé ìṣirò yẹn. Títí di ìgbà náà, ẹ má kúrò nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín ní Èkó, ẹ má ta àwọn ẹrù tí ẹ kò lè tún rà. Ẹ̀gbọ́n kan ní ìjọ wa padà sí Èkó lẹ́yìn oṣù 14, nítorí ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó ti ní kó máa ṣiṣẹ́ láti ilé yí ohùn padà, wọ́n ní ojoojúmọ́ ni àwọn fẹ́ máa rí i. Ilé rẹ̀ àtijọ́ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìkòròdú ló ti rí òmíràn, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sì wà ní Ìbàdàn títí ilé ẹ̀kọ́ fi parí ní oṣù keje.